Àwa tí a bímọ sí Chicago

Nílé, bí ìyá bá bí ọmọ wẹ́wẹ́, tí ọmọ rẹ̀ náà tún bí wẹ́wẹ́, wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni ìdílé wọn ṣe ń bí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Obìnrin tí òun alára kò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí oṣù rẹ̀ kò pé, ó rọrùn kí òun náà bí bẹ́ẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe dandan ṣá o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ìdílé" yẹn máa ń tètè parí ẹjọ́.

Ìpínlẹ̀ Illinois níbí ni dókítà méjì, Richard David àti James Collins, ti yẹ ìwé ìbí wò láti 1980 dé 1995. Ìpíndọ́gba ìwọ̀n ọmọ àwọn ìyá òyìnbó tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà jẹ́ gíráàmù 3,446. Tàwa tí wọ́n bí ní Áfíríkà, 3,333. Tàwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, 3,089. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ṣebí ọmọ tiwa, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára wa bíi tiwọn, ló yẹ kó kéré jù?

Ní 2002, Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. Ìwọ̀n ti àwọn tó wá láti Yúróòpù ń gòkè láti ìran dé ìran. Tàwa àti tàwọn tó wá láti erékùṣù Caribbean ń wálẹ̀. Ara máa ń ta mí tí mo bá rántí. Ìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà láti kékeré ni wọ́n nawọ́ sí pé ó fà á, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Iléṣà ni èmi ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó ń tọ̀ mí lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù bí olè. Wọ́n ṣe é fún ọmọ mi kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ọmọ yẹn ló lóyún báyìí. Inú oyún ni ọmọbìnrin ti ń ní gbogbo ẹyin tó máa fi bímọ, nítorí náà, ẹyin tó di ọmọ inú rẹ̀ yìí ti wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbé e sínú, tí mo ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó.

Àbúrò mi pè láti Iléṣà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yéé dẹ́rù ba aboyún." Èmi ò dẹ́rù bà á. Mo ní kó sọ fún dókítà pé kílò 2.4 lòun nígbà tí mo bí òun, kí wọ́n lè máa ṣọ́ bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Mo tún ní kó fi iṣẹ́ òru sílẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ta ló máa san owó ilé?"