Bí Ìkógun Waterloo Ṣe Di Ọjà Gbàǹjo

Ní ilé gbàǹjo kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kan àmì-ẹ̀yẹ ogun Waterloo. Fàdákà ni, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 35 lọ. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé e lé mi lọ́wọ́ ní kí n má wo ojú rẹ̀, kí n wo etí rẹ̀. Nígbà tí mo yí i sí ìmọ́lẹ̀, mo rí orúkọ jagunjagun kan àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ mọ́ etí fàdákà náà, tí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké sì dí àyè tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815 ni wọ́n ja ogun náà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, níbi tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Prussia (ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì) ti ṣẹ́gun Napoleon, olú-ọba Faransé. Òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ń bọ́ aṣọ àti bàtà lára àwọn òkú. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìkógun ti jẹ́ èrè ẹni tó ṣẹ́gun. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kò pẹ́ rárá tí àwọn arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ya dé, tí àwọn ará abúlé sì ń ta bọ́tìnì, idà àti ìbọn fún wọn bí ẹni ń ta ọjà ojoojúmọ́. Nígbà tí ojúlówó sì ń tán lọ, ayédèrú ló rọ́pò rẹ̀. Walter Scott, òǹkọ̀wé ará Scotland, débẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn ìgbàyà irin tí wọ́n kó láti ojú ogun náà ṣì wà ní ilé rẹ̀ ní Abbotsford di òní. Byron, akéwì ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ní ọdún 1816, òun náà ra akoto àti idà.

Igi elm kan wà tí Wellington, ọ̀gágun àgbà Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ogun. Àwọn àlejò bó èèpo rẹ̀ débi pé ní ọdún 1818, ẹni tó ni ilẹ̀ náà gé e. John George Children, òṣìṣẹ́ British Museum, ló rà á, wọ́n sì fi pákó rẹ̀ kan àga fún ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Owó ńlá ni wọ́n ná lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin Napoleon, tí àwọn ọmọ ogun Prussia gbà ní ìlú Genappe lálẹ́ ọjọ́ ogun. William Bullock rà á ní 2,500 pọ́n-ùn, ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìwòran ní Egyptian Hall, ilé ìfihàn rẹ̀ ní Piccadilly ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1816. Èrò wọ́ lọ wò ó. Ní ọdún 1819, Bullock fi gbàǹjo ta gbogbo ohun tó wà nínú ilé ìfihàn rẹ̀, ọjọ́ 26 ni wọ́n sì fi tà á. Kẹ̀kẹ́ náà padà bọ́ sọ́wọ́ ilé Madame Tussaud, ilé ìfihàn ère ìda ní Lọ́ńdọ̀nù, iná sì jó o níbẹ̀ ní ọdún 1925.

Síbẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ kékeré náà ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nǹkan bíi 39,000 ni wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gágun àti kúrúńtù sì gba irú kan náà. Kódà ẹbí àwọn tó kú sójú ogun gba ti ẹni wọn. Ebi mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á fi yáwó tàbí kí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú. Orúkọ tó wà létí rẹ̀ ló mú kí àwọn olùkójọ máa wá a kiri, nítorí wọ́n lè fi ṣe ìwádìí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ogun, kí wọ́n mọ ẹni tó ni ín àti ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ etí wò bóyá ẹnì kan ti fi ayùn-irin ha orúkọ àkọ́kọ́ kúrò, kó sì tẹ òmíràn sí i.

Àwọn ọmọ ogun Faransé kò rí irú rẹ̀ gbà. Ọdún 1857 ni Napoleon Kẹta, olú-ọba Faransé nígbà náà, tó fún àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn ní àmì-ẹ̀yẹ Saint Helena. Idẹ ni. Mo ti yẹ etí ọ̀kan wò pẹ̀lú ìrètí: ó ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.