Kúkú Wá Bá Mi ní Kukwaba

“Tó o bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin, Kúkú-wá-bá ni kó o sọ̀ o.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé ọ̀rọ̀ mọ́ àǹtí mi lẹ́nu. Mo ní, “Kí n kúkú wá bá yín níbo, mà?” Ó ní, “Kúkú-wá-bá náà ni mo wí!”

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àǹtí mi, ó sì ti pẹ́ ní Àbújá. Kukwaba lorúkọ ibùdókọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu Yorùbá kì í gba “kw” láìfi fáwẹ̀lì là á láàárín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn orúkọ yìí, torí bí ìgbà téèyàn ń pe àlejò wọlé ló rí létí mi.

Mo wọ ọkọ̀ ní Metro, láàárín ìlú. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣí ojú irin yìí, Kòrónà dá a dúró ní 2020, ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2024 kí ọkọ̀ tó tún máa kó èrò. Lẹ́yìn Stadium, a dé Kukwaba 1. Mo sọ̀ kíá. Àṣé ìbejì ni wọ́n! Kukwaba 2 ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni àǹtí mi ti ń retí mi. Táíwò ni mo bá pàdé, Kẹ́hìndé ló ń dúró dè mí. Takisí ló gbé mi débẹ̀.

Bí mo ṣe ń wá takisí ni obìnrin Gbagyi kan kọjá. Èjìká ló gbé ìdì igi ìdáná lé, kì í ṣe orí bíi tiwa. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì dẹ ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́ kí ìjọba tó pinnu ní 1976 pé Àbújá ni yóò di olú-ìlú. Ó dùn mọ́ mi pé orúkọ abúlé ló ṣì wà lára ibùdókọ̀ wọ̀nyí: Kukwaba, Wupa, Idu, Bassanjiwa. Ní Móníyà, n’Íbàdàn, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá gan-an, àmọ́ ká ní èmi ni wọ́n bi, Móníyà ni mi ò bá ní kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Àǹtí mi ti se àmàlà sílẹ̀. Nígbà tó sìn mí padà síbùdókọ̀, ó dúró títí ọkọ̀ fi dé. “Bó bá tún di ìsinmi,” ó ní, “kúkú wá bá mi o.”