Ẹ̀ka tí mi ò kà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó pé ọdún 10 tí mo ti ń fi iṣẹ́ pọ́límà (ohun bí ike, tí mólékù rẹ̀ gùn bí okùn) jẹun. Mo fẹ́ to ẹ̀kọ́ 2 sílẹ̀, torí mo tún rí ẹnìkan nínú yín tó fi melt index (ìwọ̀n bí ike yíyọ́ ṣe ń ṣàn) nìkan yan resin, ìyẹn èròjà ike.

Èkíní: melt index, ìyẹn iye gíráàmù tó ṣàn jáde ní ìṣẹ́jú 10, ní 190 °C, lábẹ́ ẹrù 2.16 kg, kì í ṣe gbogbo ìwà polyethylene, ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá.

Èkejì: ẹ̀ka ju ẹ̀ka lọ. LLDPE àti LDPE jẹ́ oríṣi polyethylene méjì, ẹ̀ka sì máa ń yọ lára okùn mólékù wọn. Ẹ̀ka kúkúrú LLDPE kì í jẹ́ kí okùn mólékù tò pọ̀ dáadáa bó bá ń tutù, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. Ẹ̀ka gígùn inú LDPE ní tirẹ̀ ń lọ́ mọ́ àwọn okùn yòókù. Okùn tí kò lẹ́ka lè fà gbọọrọ jáde bí ejò. Elẹ́ka gígùn ní láti kọ́kọ́ ká apá rẹ̀ kò.

Ta ló sọ ìyẹn fún mi nígbà náà? LDPE kan àti LLDPE kan wà níwájú mi, melt index wọn dọ́gba. Mo fi NMR (ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yẹ mólékù wò) ka ẹ̀ka wọn, iye rẹ̀ súnmọ́ra. Mi ò mọ̀ pé NMR kì í dá ẹ̀ka kábọ́ọ̀nù 6 mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó gùn jù ú lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba ẹ̀ka gígùn díẹ̀ ti tó láti yí ìṣàn padà. Mo kọ ọ́ síwèé pé ọ̀kan lè rọ́pò èkejì. Ọ̀gá mi buwọ́ lù ú.

A da LLDPE sínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá. Títẹ̀ inú ẹ̀rọ ga sókè, ojú ọ̀rá rí ṣákiṣàki. A dín eré kù. Ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ wú bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ́. LDPE máa ń le sí i níbi tí wọ́n bá ti fà á tẹ́ẹ́rẹ́. LLDPE kàn ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ni. Nípàdé, ọ̀gá ní, “Ọmọ yìí ló kà á.” Ó ṣì ń dùn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lo rheometer (ẹ̀rọ tó ń wọn bí ike yíyọ́ ṣe ń ṣàn àti bó ṣe ń fà) tó wà ní yàrá kejì láti ọjọ́ yìí wá. Mo fi fa méjèèjì, mo wo ìlà tó ń fi bí wọ́n ṣe ń le sí i hàn: ti LLDPE rọra ń lọ, ti LDPE ṣàdédé gòkè. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e sórí tábìlì ọ̀gá. Kò mẹ́nu bà á títí tó fi fẹ̀yìn tì.