Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ẹsẹ̀ Yìí Ti Tún Ń Sáré

Alihamudulilahi Robili Alamina. Mo ti pinnu pé mi ò ní kọ nǹkan kan síbí títí n ó fi sáré láti ilé dé Stadium Surulere, kí n sì sáré padà láì dúró bọ́ bàtà lójú ọ̀nà. Mo ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi sáré jáde, ó rò pé nǹkan ọ̀hún ti tún bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ni o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí ń dùn mí, ẹ ò kàn mọ bó ṣe le tó ni. Àárín ọmọ ìka kẹta sí ìkẹrin ni iná á ti máa jó, á wá ta wàì dé orí ìka méjèèjì. Tí mo bá ti sáré díẹ̀, á máa ṣe mí bíi pé òkúta wà nínú bàtà. N ó dúró, n ó bọ́ ọ, n ó gbọ̀n ọ́n dànù, n ó na ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí jù ni ọjọ́ Marathon Èkó, lórí Third Mainland. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, kò sì síbi téèyàn lè yà sí. Iná ẹsẹ̀ mi ṣàdédé dáwọ́ dúró, mo kọ́kọ́ ń dúpẹ́, àfi bí mo ṣe rí i pé ìka méjèèjì ti kú. Mo ń gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, mo ń wo ọ̀sà, mo ń bi ara mi pé ṣé ẹsẹ̀ tí n ó fi tọ́ àwọn ọmọ mi ló ń lọ yìí.

Ìrun ló dùn mí jù. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí a ṣe ń jókòó àtáyá: ẹsẹ̀ ọ̀tún á nàró lórí ọmọ ìka, àwọn ìka á tẹ̀ síwájú. Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá Àsùbáà, tí mo ń fi ìka ọwọ́ fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, mi ò ní mọ omi lára. Bí mo ṣe di ẹni tó ń kírun lórí àga nìyẹn, tí mo ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá wa àgbà ní mọ́ṣáláṣí, tí gbogbo èèyàn ń wò mí.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Dókítà ibi tí mo kọ́kọ́ lọ kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi rárá. Ẹ̀yìn tábìlì ló jókòó sí tó ti ní làkúrègbé ni, ó kọ oògùn ara ríro fún mi, ó ní kí n lọ ya fọ́tò eegun. Fọ́tò jáde, eegun pé, eegun dára. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ pátápátá, torí ẹ ní tí ẹ̀rọ kò bá ti rí nǹkan, a jẹ́ pé ti ayé ni. Ẹ ní mo ti tẹ nǹkan. Ẹnì kan ní kí n lọ sín gbẹ́rẹ́. Ẹlòmíì ní abilékọ tó ń wọ híjáàbù sáré kiri títì, kí ló fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún òun? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí mi kò di.

Fọ́tò eegun kì í gbé iṣan ìmọ̀lára jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan ń dun òun.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ ni Màmá físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara, tí ẹ̀gbọ́n wa nínú ẹgbẹ́ asáré mú mi lọ bá. Wọ́n fi ọwọ́ kan fún ẹsẹ̀ mi pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ abẹ́ rẹ̀, nǹkan dún kẹ́ nínú. Mo pariwo. Wọ́n ní, “Òun nìyẹn.” Wọ́n ní kí n lọ ṣe skáànù ẹsẹ̀, skáànù sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Morton's neuroma lorúkọ rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ọmọ ìka ló gba àárín eegun méjì kọjá. Bí bàtà bá fún níwájú, àwọn eegun yẹn á máa há a mọ́ra, ohun tó bo iṣan náà lára á sì máa ki sí i. Téèyàn bá wá ń sáré, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, ìwúwo ara ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. Morton yẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Philadelphia ni, ọdún 1876 ló sì ti kọ nípa rẹ̀. 1876! Wọn ò tíì bí bàbá bàbá mi. Ẹ̀yin wá ń wá ẹni tó di nǹkan sílẹ̀ dè mí ní Surulere.

Abẹ́rẹ́ wà fún un, iṣẹ́ abẹ náà wà, àmọ́ tí wọ́n bá gé iṣan yẹn kúrò, àárín ìka méjèèjì lè má mọ nǹkan lára mọ́. Màmá ní ká kọ́kọ́ tún bàtà ṣe ná. Wọ́n ní kí n wá kánfáàsì tí iwájú rẹ̀ fẹ̀, kí a sì lẹ tìmùtìmù kékeré kan mọ́ inú rẹ̀. Wọ́n mú tìróò nínú báàgì wọn, wọ́n kùn ún mọ́ ojú ibi tó ń dùn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní kí n wọ bàtà kí n dìde dúró. Nígbà tí mo yọ ẹsẹ̀, àmì dúdú wà lórí fóòmù inú bàtà.

Àmì yẹn ni mo gbé lọ bá Bàbá aránbàtà wa.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n bi mí pé ṣé orí àmì yìí gan-an ni. Mo ní Màmá ní rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ ni, lápá gìgísẹ̀, kó lè gbé àwọn eegun yẹn kí àárín wọn là. Bàbá wá mi orí. Wọ́n mú fóòmù líle tí wọ́n fi ń ṣe sálúbàtà, wọ́n gé e, wọ́n ń fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí kò fi ní igun mọ́, wọ́n fi awọ rírọ̀ bò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n rìn. Kí n tó lanu, wọ́n ti ní, “Ó ga jù.” Wọ́n ṣí i, wọ́n tún ha á. Àwọn tó wá gba bàtà wọn ń ráhùn, Bàbá ò dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n sáré dé ìdí oníkúlíkúlí kí n padà. Mo sáré. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi nìkan ni wọ́n tẹjú mọ́. Mo na owó sí wọn. Wọ́n ní kí n lọ sáré fún oṣù kan ná. Tí kò bá dùn mí mọ́, kí n wá san án.

Bàbá ò kàwé físíò. Wọn ò bi mí ohun tí mo tẹ̀. Wọn ò bi mí ìdí tí ìyàwó ilé fi ń sáré. Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, Bàbá, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n.

Ọkọ mi náà, o ṣeun. O ò sọ fún mi rí pé kí n jáwọ́.

Ẹ má bínú, n ó gbà yín nímọ̀ràn, ẹ ò bi mí ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ra bàtà, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ yọ fóòmù inú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọmọ ìka yín bá yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má rà á, ohun yòówù kí oníbàtà sọ. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń jó yín, ẹ tètè lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àtọ̀gbẹ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ òde àríyá, bàtà gogoro ti parí lẹ́sẹ̀ mi. Sálúbàtà pẹlẹbẹ ni n ó fi ró aṣọ ẹbí, ẹni tójú bá ń tì kó jìnnà sí mi nínú fọ́tò.

Lánàá mo jókòó àtáyá lórí ẹní, mo tẹ ìka ẹsẹ̀ mi síwájú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fà á gùn títí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi dìde.

Mo fẹ́ ṣe sàárà àkàrà ní mọ́ṣáláṣí wa. Bàbá aránbàtà ló máa jókòó síwájú, Màmá físíò náà ti ní àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mo tẹ nǹkan, mo pe ẹ̀yin náà o, ẹ má sá. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni, lẹ́yìn ìrun, ẹ mú ike dání.