"Ṣé kò rí láìnì ni?"

Mo lọ gẹrun lónìí, mo ra ọjà díẹ̀ bọ̀, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ tí bọ̀dá kan sọ ní ṣọ́ọ̀bù bábà yẹn ni ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló tún gbé fídíò Ossai yẹn jáde, ọmọ tó ń gbá fútbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Cincinnati nígbà yẹn, bọ̀dá bá pòṣé, wọ́n ní "Ṣé kò rí láìnì ni?" Ó tán, wọ́n ń tẹ fóònù wọn lọ.

January 29, 2023, Kansas City. Kansas City àti Cincinnati wà ní 20-20, Mahomes tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Kansas City ń tiro lórí ẹsẹ̀ tó ti rọ́, ó gbé bọ́ọ̀lù sá jáde kọjá láìnì ẹ̀gbẹ́ pápá, Ossai ń fi gbogbo agbára bọ̀ lẹ́yìn, ó tì í, rẹfirí ju fíláàgì pé ó rú òfin, wọ́n fún Kansas City ní yáàdì 15, Butker tiwọn gbá a wọlé láti yáàdì 45, 23-20, ilé yá. Ọmọ tí wọ́n bí ní Lagos, Conroe ní Texas tí ò jìnnà sí wa níbí ló dàgbà sí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ó ká mi lára gan-an.

Rẹfirí ò ṣì í o. Ẹsẹ̀ Mahomes ti tẹ ìta, ẹni tó bá ti jáde ò retí pé ẹnikẹ́ni máa kọ lu òun mọ́, mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ ńkọ́, ibo ló ti fẹ́ rí búréèkì tẹ̀? Ṣé kò rí láìnì ni. Àwa tá a jókòó la rí láìnì.

Ọ̀rọ̀ Tua, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Miami nígbà yẹn, ló wá ń bí mi nínú. September 25, 2022, orí ẹ̀ gbálẹ̀ ní Miami, ó dìde, ó gbọn orí, ó ta gbọ̀ngbọ́n, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló dì í mú, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n dá a padà sórí pápá! Ọjọ́ mẹ́rin péré, ní Cincinnati, wọ́n tún là á mọ́lẹ̀, àwọn ìka ẹ̀ káko síwájú ojú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi kún òfin pé ẹni tó bá ta gbọ̀ngbọ́n ò gbọdọ̀ padà wọlé. Chris Jones ti Kansas City gba bọ́ọ̀lù mọ́ Derek Carr tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Raiders lọ́wọ́ ní October ọdún yẹn náà, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀ kedere, wọ́n ṣì ju fíláàgì sí i. Ta ló ní kí Tua má padà wọlé lọ́jọ́ tó ń ta gbọ̀ngbọ́n?

Síbẹ̀, kí rẹfirí yá ọwọ́ jù ló tẹ́ mi lọ́rùn ju kó dákẹ́ lọ. Àbí... mi ò mọ̀. September 2024, Tua fúnra ẹ̀ ló forí sọ Damar Hamlin ti Buffalo, kò sẹ́ni tó rú òfin kankan, ó tún lulẹ̀, ó tún padà wá kó tó di November. Tó bá ti ń gbé bọ́ọ̀lù sáré báyìí, mo ti dìde nìyẹn, mo ń pariwo pé kó jókòó sílẹ̀, kó jọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀.