Owó ilé wọlé, a wà ní Kútọnu

Etí òkun Fidjrossè ni mo jókòó sí láàárọ̀ yìí tí álàátì fi dún. Owó ilé ni, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan tó ń gbé self-con wa ní South Gate, l'Ákùúrẹ́. Ìyàwó mi ní, "Dádì Tóbi, ó ti wọlé àbí?" Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án, òun la fi ń rìn.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé fàájì lásán ni o! Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pè pé ẹ̀rọ tó ń fa omi bóhóòlù ò fà mọ́. Púlọ́ńbà fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: kapásítọ̀ ló jó, ó ti wú bí àkàrà inú epo. Mo sanwó látibí, omi yọ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ọ́bà-Ilé ló dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán. Tó ò bá ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé, rọra o.

Ọ̀la là ń lọ sí Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi Nokoué. Tóbi ti ń bèèrè ẹni tó ń gbowó ilé níbẹ̀.