Nígbà tí ìfun bá ń yọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àpò ìtọ̀

Ohun tó ń yọ lójú ara obìnrin tí wọ́n ti gé àpò ìtọ̀ rẹ̀ kúrò nítorí jẹjẹrẹ kì í sábà jẹ́ ilé ọmọ; ìfun ni ó ń ti awọ ojú ara síta. Nígbà tí ó ṣe Tàǹtí, àbúrò ìyá mi, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, gbogbo ilé ń pè é ní ilé ọmọ, àwọn ìyá kan ní ọjà Wàńdó sì ti ń dárúkọ àgbo. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ńlá yẹn, dókítà sábà máa ń yọ àpò ìtọ̀ pọ̀ mọ́ ilé ọmọ àti apá kan lára ògiri iwájú ojú ara, tí kò fi ní sí ohun tí yóò gbé ìfun dúró mọ́. Láàárọ̀, ara Tàǹtí á tòrò. Bí ó bá fi máa palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, nǹkan rírọ̀ kan tó tó ẹyin adìyẹ á ti yọ sáàárín itan rẹ̀, á sì wọlé padà bí ó bá dùbúlẹ̀.

Òrùka rọ́bà tí wọ́n máa ń fi sínú ojú ara láti dá ohun tó ń yọ dúró kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí ojú ara ti kúrú. Wọ́n lè rán ojú ara pa, èyí tí ó rọrùn fún ara jù, ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n sì lè fi okùn tàbí àwọ̀n so òkè ojú ara mọ́ eegun ìdí, iṣẹ́ tí ó le nítorí pé ìfun ti lè lẹ̀ mọ́ra. Àwọn àwọ̀n tí wọ́n ń gba ojú ara fi síbẹ̀ ni Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má tà mọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Àṣẹ náà kò kan èyí tí wọ́n ń gba inú ikùn fi sí i. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, ó ṣì lè padà yọ.

Nílé ìwòsàn, ọmọ Tàǹtí ọkùnrin ni wọ́n ní kí ó túmọ̀ Faransé fún un. Ta ni yóò dáhùn ọ̀rọ̀ ibùsùn lójú ọmọ tí ó bí? Ó dákẹ́, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n rán an pa. Ìgbà tí a bẹ nọ́ọ̀sì obìnrin kan tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó tó sọ pé ọkọ òun ṣì wà láyé, òun kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Bí awọ ibẹ̀ bá ya tí ìfun sì jáde síta, ẹ má tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sómi mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé obìnrin náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.